Ọjọ́ tí Mo Pín, tí Àgbà Kọ́kọ́ Mú

Òórùn ọ̀dà èékánná ni mo kọ́kọ́ máa ń rántí. Kì í ṣe òórùn ọtí ọkà bàbà tó ń hó nínú ìkòkò lẹ́yìn ilé, kì í sì í ṣe ti èéfín alùpùpù tó gba gbogbo Kouloundè, àdúgbò wa ní Sokodé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé méjèèjì wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Tàńtí tó ni ilé ọtí tí a ti ṣe ìdíje eré káàdì póka náà kò ní owó eré gidi, irú èyí tí à ń rí lórí fóònù. Ìderí ìgò ni wọ́n lò dípò rẹ̀. Wọ́n kó o jọ fún oṣù mẹ́ta, wọ́n fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, wọ́n sì fi ọ̀dà tí àwọn obìnrin fi ń kun èékánná sàmì sí inú ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ẹnikẹ́ni má baà di ìderí sápò wá láti ilé. Nígbà tí oòrùn bá ràn sí orí tábìlì lábẹ́ àtíbàbà, òórùn ọ̀dà yẹn á gbéra, á wá bá ọ nímú. Mo mọ̀ pé òórùn nǹkan àtijọ́ máa ń mú inú àwọn ẹlòmíràn dùn. Ní tèmi, orí ló máa ń fọ́ mi.

Ìwọ náà mọ bí nǹkan ṣe rí fún àwa ọ̀dọ́ lásìkò yẹn. Mo ti gba ìwé ẹ̀rí nínú ìṣirò ní yunifásítì ìlú Kara, ọdún kan sì ti kọjá tí mo ń gbé ẹ̀dà ìwé náà láti ọ́fíìsì dé ọ́fíìsì. Èmi àti ọ̀rẹ́ mi kan la jọ ń gbé yàrá kan. Ọmọ Kambolé ni àwa méjèèjì, ọdún kan ló fi jù mí lọ, a sì jọ lọ sí kọ́léèjì ní Tchamba kó tó fi ìwé sílẹ̀. Zémì ló ń wà ní Sokodé, ó ń fi alùpùpù gbé èrò, ṣùgbọ́n alùpùpù náà kì í ṣe tirẹ̀. Oníṣòwò kan ló ni ín, tó ń gba tirẹ̀ ní alaalẹ́. Ní Ọjọ́bọ̀ tó ṣáájú ìdíje náà ni oníṣòwò yẹn sọ fún un pé òun ti rí ẹni tí yóò rà á, kó dá kọ́kọ́rọ́ padà ní òwúrọ̀ Ọjọ́ Ajé. Ọ̀rẹ́ mi kò sọ púpọ̀ nípa rẹ̀. Ó kàn sọ fún mi pé tí ọjọ́ Ajé bá dé tí òun kò ní nǹkan tí òun yóò gùn, òun á padà sí Kambolé lọ bá bàbá òun ro oko iṣu, àti pé òun mọ bí bàbá òun ṣe máa wo òun.

Ẹ̀bùn àkọ́kọ́ nínú ìdíje náà ni alùpùpù kan. Kì í ṣe tuntun, ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì rẹ̀ dá ṣáká. Ẹ̀bùn kejì ni àgbò méjì, ẹ̀kẹta sì ni àpò ìrẹsì kan àti kẹ́ẹ̀gì òróró kan. Tàńtí ló yí gbogbo owó tí a fi wọlé padà sí nǹkan wọ̀nyí, nítorí pé wọ́n wà nínú ẹgbẹ́ akọrin ní ìjọ Kátólíìkì, wọ́n sì ní bí owó kò bá ti hàn lórí tábìlì, fadá kò lè pe eré náà ní tẹ́tẹ́. Mo gbé ọ̀rọ̀ yẹn yẹ̀ wò, mi ò sì rí ibi tó fẹsẹ̀ múlẹ̀ sí. Ṣùgbọ́n mo ti san tèmi, mo sì panu mọ́.

Èmi ni mo kọ́ ọ̀rẹ́ mi ní póka lórí fóònù mi, láàárín oṣù méjì. Kò pẹ́ tó fi mọ̀ ọ́n jù mí lọ. Èmi a máa ka káàdì, òun a máa ka ojú ènìyàn, nítorí ẹni tó ń wa zémì ti gbọ́dọ̀ mọ ẹni tó máa san owó àti ẹni tó máa sá wọ kọ̀rọ̀ kí wọ́n tó gun ẹ̀yìn rẹ̀. Ní ọjọ́ Àìkú náà, lẹ́yìn ìsìn, àwọn tó jókòó lé ogún. Nígbà tó fi máa di aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, àwa mẹ́ta ló ṣẹ́ kù. Ìdajì gbogbo ìderí ìgò wà níwájú ọ̀rẹ́ mi. Tèmi lé díẹ̀ ní ìdá kan nínú mẹ́rin. Ìyókù, tí kò tó nǹkan, wà níwájú Mèsíè.

Mèsíè ni a máa ń pe olùkọ́ tó kọ́ àwa méjèèjì ní ìṣirò ní Tchamba. Wọ́n ti fẹ̀yìn tì, ṣùgbọ́n bíírò pupa ṣì wà nínú àpò àyà ẹ̀wù wọn, bí ẹni pé a tún máa ṣe ìdánwò kí ilẹ̀ tó ṣú. Mo jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn tó mọ ìṣirò jù lọ ní kíláàsì wọn, síbẹ̀ wọn kò fún mi ní ogún nínú ogún rí. Ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n máa ń kọ sí ìsàlẹ̀ ìwé mi: "Ìṣirò dára. Ka ìbéèrè dáadáa." Inú máa ń bí mi sí i nígbà náà. Inú ń bí mi sí i títí di ìsinsìnyí, ṣùgbọ́n mo máa dé ibẹ̀.

Èmi ni mo dá ọ̀rọ̀ pínpín sílẹ̀. Kò sí ẹni tó rán mi. Tàńtí ti fi kún iye ìderí tí a gbọ́dọ̀ máa fi sílẹ̀ kí wọ́n tó pín káàdì, kí eré lè tán kí wọ́n tó pe àdúrà ìrọ̀lẹ́ ní mọ́ṣáláṣí tó wà ní òdìkejì ọ̀nà. Nítorí náà, káàdì burúkú kan péré lè lé ẹnikẹ́ni nínú wa dìde, kódà ọ̀rẹ́ mi. Mo rò pé ó yẹ kí ọgbọ́n ṣáájú oríire. Mo ní, dípò kí a jẹ́ kí káàdì kan pinnu, ẹ jẹ́ kí a dúró, kí a pín ẹ̀bùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bó ṣe tọ́ sí oníkálukú. Ọ̀rẹ́ mi tẹ orí sí etí mi.

"Mi ò fẹ́ pín," ó ní. "Jẹ́ ká ṣe é tán."

Mo fi ìṣirò dá a lóhùn. Mo ní ìdajì ìderí ló wà níwájú rẹ̀, nítorí náà, bí a bá ṣe eré yìí lẹ́ẹ̀mejì, ẹ̀ẹ̀kan ni yóò mú alùpùpù lọ, ẹ̀ẹ̀kan ni yóò fi ẹsẹ̀ rìn lọ sílé. Ó wo alùpùpù náà níbi tí wọ́n gbé e sí lábẹ́ igi máńgòrò, tí àwọn ọmọdé ń tẹ fèrè rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó wo ojú mi. "Ó dáa," ó ní. "Ìwọ lo kàwé."

Bí a ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, ojú mi sì rí nǹkan. Ọ̀rẹ́ mi ní iye ìderí ni kí a fi pín. Ó ní ìdajì gbogbo ẹ̀bùn ló tọ́ sí òun. Mèsíè ní rárá, mẹ́ta ni àwa, ọgbọọgba ni kí a pín in. Mo ṣàlàyé pé àwọn méjèèjì kò tọ̀nà. Ẹ wò ó, mo ní, ẹ̀bùn kẹta ti di ti gbogbo wa ná, torí pé bí ẹnikẹ́ni bá tilẹ̀ jáde báyìí, kò ní gbà ju ẹ̀kẹta lọ, kò sì ní gba ohun tó kéré sí i. Nítorí náà ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ yọ iye yẹn fún olúkúlùkù, kí a tó fi ìderí pín èyí tó kù. Mo fi bíírò ya á sórí ìwé. Mo yọ fóònù, mo tẹ iye rẹ̀. Mo tún un sọ ní ọ̀nà mẹ́ta. Jọ̀wọ́, kíyè sí i pé ọ̀nà Mèsíè ì bá fún mi ní èyí tó pọ̀ ju ti ọ̀nà tèmi lọ. Mo sọ ìyẹn fún wọn pẹ̀lú, kí wọ́n lè mọ̀ pé òdodo ni mo ń wá. Kò wọ̀ wọ́n létí. Bí mo ṣe ń fi àìmọtara-ẹni-nìkan mi hàn tó ni ìgbéraga mi ń ga sí i, ṣùgbọ́n èmi kò rí ìyẹn nígbà náà.

"Ta ló kọ́ ọ ní ìpín ọgbọọgba?" Mèsíè bi mí.

"Ẹ̀yin ni, Mèsíè."

"Ta ló wá ń kọ́ ta?"

Gbogbo àtíbàbà bú sẹ́rìn-ín. Àwọn òǹwòran pàápàá ti dá sí i. Ọkùnrin kan tó ń lẹ táyà ní kí wọ́n gé alùpùpù náà sí mẹ́ta, òun á bá wa tú u láìgba nǹkan kan. Òmíràn ní kí a tà á. Nígbà tí a bèèrè iye tí yóò tó, ẹnu márùn-ún sọ iye márùn-ún, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ ìjà tiwọn lédè Tem, èdè àwọn ará Sokodé, èyí tí mi ò lè dá sí. Ẹnì kan gun orí alùpùpù náà láti fi hàn pé ìjókòó rẹ̀ ti rọ̀. Ìderí ìgò ń gbóná lórí tábìlì, òórùn ọ̀dà ń yọ, ìwé tí mo ya ìṣirò sí ti tutù fún òógùn ọwọ́ mi. Àkókò tí a fi jiyàn pọ̀ ju èyí tí ìbá gbà wá láti ṣe eré náà tán lẹ́ẹ̀mẹta. Mo rò ó nínú ọkàn mi pé kò sí ohun tó ń dáni lágara bíi kí ènìyàn mọ ìdáhùn, kó sì máa bẹ àwọn ènìyàn pé kí wọ́n gbà á.

Tàńtí ló fòpin sí i. Wọ́n ti inú ilé jáde, wọ́n ń fi aṣọ nu ọwọ́, wọ́n ní àwọn fẹ́ bi àwọn ọmọ Kambolé ní nǹkan kan.

"Bí wọ́n bá pa ẹran ìgbẹ́ nílé yín, ta ló ń gé e?"

Ọ̀rẹ́ mi ní, "Àbúrò pátápátá ni."

"Ta ló ń kọ́kọ́ mú?"

"Àgbà ni."

"Kí ló wá dé tí ẹ ń bi fóònù léèrè?"

Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ayọ̀ pàtẹ́wọ́. Mo mọ àṣà yẹn dáadáa, èmi náà ti gé ẹran rí. Mo rántí ẹtu kan tí bàbá mi pa nígbà tí mo wà ní nǹkan bí ọmọ ọdún mẹ́jọ. Mo gé e láìfarabalẹ̀, àwọn ẹ̀gbọ́n mi mú itan, wọ́n mú ìhà, ọrùn tó kún fún egungun ló kù sílẹ̀ fún mi. Láti ọjọ́ náà ni mo ti mọ ìdí àṣà yẹn: ẹni tó ń gé ẹran ni yóò mú ìkẹyìn, nítorí náà yóò sa gbogbo agbára rẹ̀ kí gbogbo ìpín lè dọ́gba. Kò nílò onídàájọ́, kò nílò ìbúra. Ọgbọ́n ìṣirò gidi ni, àwọn bàbá wa sì mọ̀ ọ́n kí n tó lọ sí Kara. Èmi ni àbúrò. Mo gba ìwé funfun kan, mo sì jókòó láti pín.

Ohun tí mo ń wá ni pé kí ìpín mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dọ́gba lójú gbogbo ayé, ṣùgbọ́n kí ọ̀kan dùn lójú ọ̀rẹ́ mi nìkan. Mèsíè ni yóò kọ́kọ́ mú, lẹ́yìn náà ọ̀rẹ́ mi, lẹ́yìn náà èmi. Mèsíè sì ti sọ fún gbogbo wa ní ọ̀sán pé orúnkún ń dun àwọn, àwọn kò lè gun alùpùpù mọ́, bọ́ọ̀sì ni àwọn fi wá láti Tchamba. Mo gba ọ̀rọ̀ yẹn gbọ́, mo sì kọ́ ilé lé e. Ìpín àkọ́kọ́: alùpùpù, ṣùgbọ́n ẹni tó bá mú un ni yóò ṣe ìwé rẹ̀ ní ọ́fíìsì, yóò sì fún ẹni méjì yòókù ní àpò àgbàdo kọ̀ọ̀kan nígbà ìkórè. Ìpín kejì: àgbò ńlá àti òróró. Ìpín kẹta: àgbò kékeré àti ìrẹsì. Àgbàdo yẹn ni mo fi ṣọgbọ́n. Bàbá ọ̀rẹ́ mi ní oko àgbàdo ní Kambolé, àpò méjì kò ní nira fún un, ṣùgbọ́n ọjà ni Mèsíè yóò ti rà á. Mo ka ìwé náà sókè. Ọ̀rẹ́ mi rẹ́rìn-ín músẹ́ fún ìgbà àkọ́kọ́ láti àárọ̀. Mo rò pé mo ti gbé alùpùpù náà lé e lọ́wọ́.

Mèsíè dìde. Wọ́n gba ìwé náà lọ́wọ́ mi, wọ́n tún un kà, wọ́n ká a, wọ́n sì fi sápò lẹ́gbẹ̀ẹ́ bíírò pupa. Wọ́n rìn lọ bá àwọn àgbò, wọ́n di ìwo èyí tó tóbi mú, wọ́n fọwọ́ pa á lẹ́yìn. Lẹ́yìn náà, wọ́n kọjá àwọn àgbò, wọ́n rọra rìn dé abẹ́ igi máńgòrò, wọ́n gbé ọwọ́ lé ìjókòó alùpùpù.

"Èyí," wọ́n ní.

Mo ní, "Mèsíè, ẹ sọ pé orúnkún yín ń dùn yín."

"Kì í ṣe orúnkún mi ni mo fẹ́ fi gùn ún."

 Ọ̀rẹ́ mi lọ tú okùn àgbò kékeré, ó gbé ìrẹsì, nítorí pé oúnjẹ ti tán nínú yàrá wa. Àgbò ńlá àti òróró ló kù fún mi, èmi tí mi ò ní ibi tí mo lè so adìyẹ mọ́. A kò tíì kúrò níbẹ̀ nígbà tí Mèsíè fi ọwọ́ pe ọ̀rẹ́ mi, wọ́n sì fi kọ́kọ́rọ́ náà lé e lọ́wọ́. Wọ́n ní kó máa gùn ún fún àwọn. Ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan ni yóò máa mú nǹkan wá sí Tchamba, bí ó ti ń ṣe fún oníṣòwò yẹn, ṣùgbọ́n ó dín díẹ̀. Bí ọdún kan àtààbọ̀ bá pé, alùpùpù di tirẹ̀. Ìwé ọ́fíìsì náà, òun ni yóò ṣe é. Àpò àgbàdo, oko bàbá rẹ̀ ṣáà wà níbẹ̀, kó bá àwọn mú un wá.

"Ẹ ṣeun, Mèsíè," ọ̀rẹ́ mi wí. Ó sì ń sọ ọ́ látọkàn wá.

Mo wo gbogbo rẹ̀, mo sì rí i kedere pé mo ti ka iye tí nǹkan kọ̀ọ̀kan jẹ́ fún ẹni kọ̀ọ̀kan, àfi ọ̀kan: iye tó jẹ́ fún ènìyàn láti ní nǹkan tí ẹlòmíràn kò lè ṣe aláìní rẹ̀ lọ́wọ́. Mèsíè kò nílò alùpùpù. Wọ́n mọ ẹni tó nílò rẹ̀. Nígbà tí à ń ti àgbò lọ sílé, tí tèmi ń jà bí ẹni tí wọ́n jí gbé, inú bí mi débi pé mo bẹ̀rẹ̀ sí í bá ọ̀rẹ́ mi jà. Mo ní kí ló dé tó dúpẹ́, nígbà tó jẹ́ pé ìdajì ìderí wà lọ́wọ́ rẹ̀, nígbà tó ṣeé ṣe kó mú alùpùpù yẹn lọ lọ́fẹ̀ẹ́ láìjẹ ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan.

"Ìwọ lo ní ká pín," ó dáhùn, ó sì ń tú okùn tó lọ́ mọ́ ẹsẹ̀ àgbò mi.

Àgbò yẹn jẹ ẹ̀dà ìwé ẹ̀rí mi kan kí n tó rí ẹni tó rà á. Ní ìgbà ìkórè, ọ̀rẹ́ mi gbé àpò àgbàdo kan láti Kambolé wá sí ẹnu ọ̀nà yàrá wa lórí alùpùpù náà, ó sọ ọ́ sílẹ̀, ó ní, "Mèsíè ní kí n kí ọ." Àgbàdo tí Mèsíè jẹ òun alára ní gbèsè ńkọ́? Òun ló gbé ìyẹn wá fún ara rẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Mi ò rí nǹkan tó pa á lẹ́rìn-ín.

Nígbà tí ọdún kan àtààbọ̀ pé, mo tẹ̀ lé e lọ sí Tchamba láti gba ìwé alùpùpù náà. Iwájú ilé ni a bá Mèsíè, wọ́n ń bẹ iṣu. Wọ́n fún ọ̀rẹ́ mi ní ìwé rẹ̀, wọ́n bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, wọ́n sì wọlé lọ mú ìwé mìíràn wá fún èmi. Ìwé ìpín mi ni. Wọ́n ti fi bíírò pupa sàmì sí gbogbo ìlà rẹ̀ pé ó tọ́. Wọ́n kọ mẹ́rìnlá nínú ogún sí òkè, wọ́n sì kọ ọ̀rọ̀ yẹn sí ìsàlẹ̀: "Ìṣirò dára. Ka ìbéèrè dáadáa." Mo béèrè, bóyá pẹ̀lú ohùn tó le ju bó ṣe yẹ lọ, pé kí tilẹ̀ ni ìbéèrè náà. Mèsíè padà sídìí iṣu wọn. Wọ́n ní kí n bi ọ̀rẹ́ mi.

Mo bi í lójú ọ̀nà, lẹ́yìn alùpùpù rẹ̀, pẹ̀lú eruku Tchamba nínú eyín mi. Ó wò mí nínú dígí.

"Mo sọ fún ọ lọ́jọ́ náà pé mi ò fẹ́ pín," ó ní. "O fi ìdajì dá mi lóhùn."

Mo ti gbé e yẹ̀ wò lọ́pọ̀ ìgbà láti ìgbà náà. Bí a bá ṣe eré yẹn tán, ó ṣeé ṣe kó pàdánù, kó sì wà ní Kambolé lónìí pẹ̀lú ọkọ́ lọ́wọ́. Mi ò lè mọ̀, kò sì sí ìṣirò tó lè sọ fún mi. Mo ṣì gbà pé ọ̀nà tí mo fẹ́ fi pín in lórí tábìlì ló tọ̀nà jù lọ nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹnikẹ́ni tó bá sì fẹ́, kó wá, màá tún un ṣe lójú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọkùnrin kan tó mọ ohun tó wà níwájú rẹ̀ sọ fún mi létí pé òun fẹ́ fi í wewu, èmi tí n kò ní nǹkan kan láti pàdánù ni mo sọ fún un pé kó má ṣe é. Ìdajì yẹn, bó ti wù kó kéré tó, tirẹ̀ ni. Kì í ṣe tèmi láti pín.